Èèyàn mélòó ló yẹ kó jókòó sídìí ọpọ́n?

  Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, òjò Dublin ló ń lu fèrèsé, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe lánàá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, tí mo bá sì ti parí fídíò yìí, wọ́ọ̀dù ni mò ń padà sí. Torí náà, ẹ jẹ́ ká tètè wọnú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ eré ni mo fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe eré sinimá o, kì í sì í ṣe géèmù orí fóònù. Eré tí èèyàn ń gbé sórí tábìlì ni mò ń wí: ayò, lúdò, Scrabble, Catan, àti àwọn yòókù tí páálí wọn ti kún abẹ́ àtẹ̀gùn ilé mi, tí ọkọ mi ń fi ojú burúkú wò. Látìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa Catan, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí: èèyàn mélòó ló yẹ kó ta á kó tó dùn? Mo lè dáhùn pé mẹ́rin, kí n sì gba iṣẹ́ mi lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kan ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó sì kan bàbá mi tó wà ní Ọ̀yọ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ojú tì mí. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, tí àwọn ará ibí ń pè ní St Stephen's Day, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí ní Ireland: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ilé wa ní Blanchardstown kún. Èmi, ọkọ mi, àbúrò ọkọ mi àti ìyàwó rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí kò rí ìsinmi gbà lọ sílé, àti ọmọbìnrin mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà yẹn. A jẹun tán, a palẹ̀ mọ́, mo gbé Catan jáde, mo sì gbé páálí kejì tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di ti èèyàn mẹ́fà lé e. Inú mi ń dùn. Mo ní lónìí, kò sẹ́ni tó máa dá jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wa la jọ máa ṣeré.

Nígbà tó di bíi wákàtí kan ààbọ̀, ó kan ọmọ mi. A pè é. Kò dáhùn. Ó ti gòkè lọ sí yàrá rẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan nínú àwa àgbà márùn-ún tó mọ ìgbà tó dìde. Àbúrò ọkọ mi ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí nìyẹn, fóònù ti gba orí wọn." Èmi náà mi orí bí ẹni tó gbọ́n. Ìgbà tí àlejò lọ tán, tí mò ń kó káàdì padà sínú páálí, ni mo tó lọ bá a, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ti ka gbogbo òdòdó tó wà lára kọ́tìnnì wa. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí àwa mẹ́fà yẹn tún pàdé, mo gbé fóònù mi sábẹ́ tábìlì, mo ń ka àkókò. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn bá ti ta tiẹ̀ tán títí di ìgbà tó tún máa kàn án, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá! Kí a fi ọmọ ọdún mẹ́jọ sórí àga kí ó máa wo ẹnu àgbà. Fóònù kọ́ ló lé e gòkè. Àwa la pọ̀ jù.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí eré yòówù tí ẹ bá ní nílé, ẹ máa rí nọ́ńbà kan níbẹ̀: 2 sí 4, 3 sí 4, 1 sí 5. Iye èèyàn tí eré náà lè gbà ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, bí wọ́n ṣe ń kọ iye èrò sára dáńfó. Lóòótọ́, gbogbo wọn máa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí wọ́n há mọ́ àárín bóyá ó gbádùn ìrìn àjò náà.

Catan fúnra rẹ̀ kò burú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Klaus Teuber, ará Jámánì, ló ṣe é, ọdún 1995 ló jáde. Iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá lọkùnrin náà ń ṣe nígbà yẹn. Ilẹ̀ kéékèèké 19 ni wọ́n máa ń tò pọ̀ bí afárá oyin. Omíràn ń mú igi wá, omíràn àgùntàn, omíràn ọkà, amọ̀ tàbí irin, ọ̀kan ṣoṣo sì jẹ́ aṣálẹ̀ tí kì í mú nǹkan kan wá. Ẹ ó máa ju dáìsì méjì. Nọ́ńbà tó bá jáde, gbogbo ẹni tó bá kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tó ní nọ́ńbà yẹn ló máa gba èrè, ẹni yòówù kó ju dáìsì. Lẹ́yìn náà, ẹni tó kàn máa ná ọjà: "Ta ló ní amọ̀? Mo ní àgùntàn méjì o!" Ẹ ò rí i pé ọjà ni? Torí náà, nígbà tí kò tíì kàn ẹ́ gan-an, ọwọ́ ẹ kò ṣófo. O lè gba èrè, o lè ná ọjà, o lè kọ̀.

Ìdí nìyẹn tí páálí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ àwa méjì péré, ohun tí mo bá tà fún ẹ ni wàá fi borí mi. Ta ló máa tajà fún ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń dupò? Ọjà máa tú. Tó bá di mẹ́ta, ọjà bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ sì fẹ̀ fún gbogbo yín. Tó bá di mẹ́rin, ilẹ̀ fún, ẹ ó máa du oríta mọ́ra yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti ń gbóná. Èrò tèmi ni pé tí ẹnì kan bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ mẹ́ta. Tí gbogbo yín bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ mẹ́rin.

Páálí kejì, ti èèyàn márùn-ún sí mẹ́fà, jáde lọ́dún 1996. Ilẹ̀ di 30. Wọ́n mọ̀ pé ìdúró máa pọ̀, torí náà wọ́n fi òfin kan kún un pé bí ẹnì kan bá ta tiẹ̀ tán, àwọn yòókù lè kọ́lé kó tó kan ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òfin kò lè tún ṣe. Nígbà tí èèyàn mẹ́fà bá ń ná ọjà pa pọ̀, ohùn tó bá le jù ni wọ́n máa gbọ́. Ọmọ mi sọ pé òun ní amọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo ti wo inú ọkàn mi dáadáa, mo sì rántí pé mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò ọkọ mi ni mo yí sí, torí tiẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ mi ṣe àpèjúwe díẹ̀. Èèyàn tó ń dúró de dókítà, kì í ṣe wákàtí tó lò níbẹ̀ nìkan ló ń bí i nínú. Tí mo bá yọjú sí i, tí mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sí yàrá àyẹ̀wò, èsì ni à ń dúró dè," ara rẹ̀ máa balẹ̀. Ẹni tí kò sẹ́ni tó bá a sọ nǹkan kan, tí kò mọ ohun tó ń lọ, ìṣẹ́jú ogún péré tó o láti mú un dìde wá sídìí tábìlì wa pẹ̀lú ìbínú. Bákan náà ni ìdúró sídìí eré. Ìdúró tó ní iṣẹ́ nínú kì í ṣe ìdúró. Tí èèyàn bá pọ̀ sí i, iṣẹ́ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan á dín kù, ohun tó o ti gbèrò nínú ọkàn á sì ti bàjẹ́ kó tó kàn ẹ́, nítorí ẹni márùn-ún ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn náà lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í ronú látìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù á sì máa dúró dè ẹ́. Ìdúró ń bí ìdúró.

Ṣé ká wá dín in kù sí mẹ́ta nígbà gbogbo? Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, wọn ò sì parọ́ nípa ìkòkò. Sídìí ọpọ́n ńkọ́? Ẹni mẹ́ta máa ń dà á nù! Nílé wa, tí èmi, ọkọ mi àti ọmọ mi bá jókòó, kò ní pẹ́ kí bàbá àti ọmọ dìtẹ̀ mọ́ mi. Méjì á dojú kọ ẹyọ kan. Èyí tó tún burú jù ni ti ẹni kẹta tó ti mọ̀ pé òun kò lè borí mọ́, tó wá ń yan ẹni tó máa borí láàárín àwọn méjì tó kù. Mo ti pàdánù eré kan rí nítorí pé mi ò tètè se ìrẹsì lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọkọ mi sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Àwọn eré kan wà tí gbogbo èèyàn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ ti gbọ́ nípa Pandemic, tí Matt Leacock ará Amẹ́ríkà ṣe, tó jáde lọ́dún 2008. Àwòrán ayé ló wà lórí rẹ̀, àrùn mẹ́rin ń tàn káàkiri, ẹ sì jọ ń wá ìwòsàn ni. Lagos wà níbẹ̀ o! Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ mi rí i, ó pariwo, ó ní òun máa lọ dáàbò bo Lagos, kí Paris máa wo tiẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ta á rí lè rò pé bí èèyàn bá ti pọ̀ tó nìwòsàn máa tètè yá. Rárá o. Káàdì márùn-ún aláwọ̀ kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan kó tó rí ìwòsàn àrùn kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì, káàdì mẹ́rin mẹ́rin lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, mẹ́ta mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, méjì méjì péré. Káàdì ti tú ká sọ́wọ́ mẹ́rin, kí ẹ sì tó lè fún ara yín, ẹ gbọ́dọ̀ pàdé ní ìlú kan. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sì ta tiẹ̀ tán, àrùn á tún tàn sí i. Ẹ̀yin méjì á máa sáré, ẹ̀yin mẹ́rin á máa ṣe ìpàdé.

Àìsàn mìíràn wà nínú eré yìí tí kò sí nínú ìwé òfin rẹ̀: ọ̀gá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí olúkúlùkù máa ṣe. Èmi ni ọ̀gá nílé wa. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀yin náà ẹ gbà mí. Èmi tí mò ń pín iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, mo wá ń pín in lórí tábìlì: "Ìwọ lọ sí Kinshasa, ìwọ dúró sí Milan." Ọkọ mi wò mí, ó ní, "Ìwọ nìkan lò ń ta eré yìí, àwa kàn ń bá ẹ sún ọmọ ni." Páálí ní èèyàn mẹ́rin ló ń ta á. Ẹnì kan péré ló ń ta á.

Scrabble ńkọ́? Wọ́n kọ 2 sí 4 sí i lára. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje gidi, èèyàn méjì péré ló ń kojú ara wọn. Lọ́dún 2015, tí Wellington Jighere ọmọ Nàìjíríà lọ gba ife àgbáyé ní Perth ní Ọsirélíà, tó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń bá wọ̀yá ìjà. Kí nìdí? Lẹ́tà 100 ló wà nínú àpò. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, bíi 50 ló máa kọjá lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, bíi 25. Ọwọ́ tí kò dára lẹ́ẹ̀kan ti tó láti bà ẹ́ jẹ́. Àti pé tó o bá jókòó tẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, tó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹ nígbà gbogbo, àga tó o jókòó lé lo fi borí. Ìdíje kò lè gba irú ìyẹn. Àmọ́ nílé, tí màmá ọ̀rẹ́ yín bá wá kí yín, tí ẹ ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì, ẹ ta á mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó máa kú.

Lúdò ni mo fẹ́ gbèjà níbí, torí àwọn tó fẹ́ràn eré onírònú máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Lúdò kò bìkítà nípa iye yín. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, olúkúlùkù mú ilé kan. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ilé méjì. Bí a ṣe ń ta á nìyẹn ní Ọ̀yọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nígbà tí iná ọba bá lọ. Tí wọ́n bá rán ẹnì kan níṣẹ́ láàárín eré, ẹlòmíì á bá a ju dáìsì títí tó fi máa dé. Ìrònú inú rẹ̀ kò pọ̀ débi tí ìdúró máa fi ba nǹkan kan jẹ́, ẹnu la sì fi ń ta ìdajì rẹ̀. Ọjọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ bá ara yín sọ, ẹ gbé lúdò jáde, kẹ́ ẹ fi Catan sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ńkọ́? Oṣù Kẹta ọdún 2020, tí ìjọba Ireland ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílé, kí ẹnikẹ́ni má rìn kọjá kìlómítà méjì sílé rẹ̀, iṣẹ́ ni èmi ń lọ ní tèmi. Mo ń sùn nínú yàrá ọ̀tọ̀ kí n má bàa kó àrùn ran àwọn ará ilé. Ọpọ́n ayò kan tí bàbá mi fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ ní Ireland ló wà nínú yàrá yẹn. Mi ò tíì lò ó rí, mo kàn gbé e sílẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ọwọ́ ọ̀tún á ta, ọwọ́ òsì á dá a lóhùn. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Mo mọ gbogbo ohun tí ọwọ́ òsì ń gbèrò! Kò sí ìyàlẹ́nu, kò sẹ́ni tí mo lè bú. Lọ́dún 2002, Henri Bal àti John Romein ní yunifásítì kan ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú awari, tó jẹ́ ìbátan ayò wa tí òfin wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ó lé ní bílíọ̀nù 889 ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wà lórí ọpọ́n tí kọ̀ǹpútà náà yẹ̀ wò. Èsì rẹ̀ ni pé tí ẹni méjèèjì kò bá ṣàṣìṣe rárá, ọ̀mì ni. Bàbá mi gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà wá sábẹ́ igi máńgòrò òun, kí àwọn èèyàn máa bú u bó ṣe ń ta.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí mi lójú. Fún ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, tí ẹ ti rí ọpọ́n ayò lára ògiri ilé àwọn àgbà ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì ta á rí: ihò 12 ló wà lára rẹ̀, mẹ́fà fún ìwọ, mẹ́fà fún ẹni tó dojú kọ ẹ́. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Wàá kó gbogbo ọmọ inú ihò kan lápá tìrẹ, wàá máa jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, yí ọpọ́n ká. Tí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ihò ẹnì kejì, tó sì sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́ nìyẹn. Tí ihò ẹnì kejì bá gbẹ pátápátá, o gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ayò kì í fẹ́ kí èèyàn jókòó lásán. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ là ń pè ní ọ̀pẹ.

Èèyàn méjì péré ló ń ta á. Kò sí páálí kejì tó máa sọ ọ́ di ti mẹ́fà. Síbẹ̀, ogún èèyàn ló máa wà lábẹ́ máńgòrò bàbá mi nírọ̀lẹ́ Sátidé, inú gbogbo wọn á sì máa dùn. Báwo? Àwọn tó dúró yí ọpọ́n ká kì í ṣe òǹwòran lásán. Wọ́n ń ka ọmọ, wọ́n ń fi ọ̀pẹ ṣẹ̀sín, wọ́n ń gba ọ̀ta níyànjú, wọ́n ń jiyàn lórí ihò tó yẹ kí ó ti kó. Tí wọ́n bá jẹ ẹnì kan, ó dìde, ẹlòmíì á jókòó. Ta kíá, dìde kíá. Ohun tí àwọn bàbá wa ṣe ni pé wọ́n ya iye àwọn tó ń ta ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára iye àwọn tó ń gbádùn eré. Èmi tí mo ra páálí kejì ti Catan, ńṣe ni mo rò pé nǹkan kan náà ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọmọ mi. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohun tí òun àti bàbá mi máa ń bá ara wọn sọ lórí fóònù kò ju èyí lọ: "Ẹ káàárọ̀ bàbá." "Káàárọ̀ ọmọ mi, ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni." Ó parí. Á na fóònù sí mi. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó fẹ́ fi sọ. Ọ̀pọ̀ yín mọ ohun tí mò ń wí, torí ẹ̀yin náà ti jẹ́ ọmọ yẹn rí.

A kọ́kọ́ gbìyànjú lúdò. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta ní Ọ̀yọ́, lórí WhatsApp. Ariwo! Ta ló máa ju dáìsì? Tí wọ́n bá jù ú lọ́hùn-ún, àwa ní a kò rí i. Tí a bá jù ú níbí, wọ́n ní ojoro ni. Ọmọ mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, ó tú ká.

Ayò kò ní dáìsì, kò ní káàdì tí wọ́n ń fi pamọ́. Gbogbo rẹ̀ wà lójú ọpọ́n. Torí náà, bàbá mi tẹ́ ọpọ́n tirẹ̀ síwájú lọ́hùn-ún, ọmọ mi tẹ́ tèmi síwájú níbí. Ihò tìrẹ, o kà á láti òsì, ení dé ẹ̀fà. Bàbá á ní, "Mo kó ihò kẹrin." Ọmọ mi á kó ihò kẹrin apá bàbá lórí ọpọ́n tirẹ̀, á tà á yí ká gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe tà á. Tí ọpọ́n méjèèjì kò bá bára mu mọ́, wọ́n á jọ ka ọmọ inú ihò kọ̀ọ̀kan sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ṣẹlẹ̀ nínú eré kan, kíkà yẹn sì ti kọ́ ọ ní oókà Yorùbá ju gbogbo ìwé tí mo rà lọ. Aago márùn-ún Sátidé ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago tiwa àti tiwọn dọ́gba. Tí òtútù bá dé, wọ́n á fi wákàtí kan ṣíwájú wa, bàbá á sì máa ṣàròyé pé ìjọba Ireland ń dá òun dúró.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi wá bá mi ní kíṣìnì, ó bo ẹnu fóònù, ó ní, "Mọ́mì, báwo ni mo ṣe máa sọ fún bàbá pé wọ́n jẹ́ ọ̀pẹ, tí kò ní dà bíi pé mo rí wọn fín?" Mi ò mọ èsì. Mo ní kó bi wọ́n. Ó bi wọ́n. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́, ó ní ìdí ayò kò mọ àgbà, ṣùgbọ́n kó má gbàgbé láti fi "ẹ" sí i. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ẹ máa gbọ́ láti yàrá òkè ilé wa ni, "Bàbá, ọ̀pẹ ni yín o! Ẹ dákun, ẹ tètè ta!"

Ti ọjọ́ kejì Kérésìmesì ńkọ́? A ṣì ń jẹ́ mẹ́fà. Catan ṣì ń jáde, àmọ́ ti èèyàn mẹ́rin, àwa mẹ́fà sì ń ta á ní méjì méjì, ìdílé mẹ́ta. Ọmọ mi àti àbúrò ọkọ mi ni wọ́n máa ń wà pọ̀. Òun ló ń ná ọjà, torí ó ti kọ́ ẹnu lọ́dọ̀ bàbá mi. Òdòdó ara kọ́tìnnì kò rí ẹni kà á mọ́.

Sátidé tó kọjá yìí, mo gbé ife tíì gòkè lọ fún un, mo sì gbọ́ ohùn púpọ̀ nínú fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú rẹ̀. Bàbá mi ti gbé fóònù ró mọ́ igo kan lábẹ́ máńgòrò, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi méje sì ti yí i ká, wọ́n ń na ọrùn wo ọmọ Dublin. Ọ̀kan ń pariwo pé, "Má kó ihò kejì o, ọmọ, bàbá ẹ ti dẹ pàkúté síbẹ̀!" Bàbá mi ń lé e kúrò níbẹ̀. Ọmọ mi kò wojú mi rárá. Ó kó ihò karùn-ún, ó tà á yí ká, ọmọ mẹ́ta ló jẹ, ariwo sì sọ lábẹ́ igi yẹn débi pé ọkọ mi sáré gòkè wá wò ó.

Mejìlá sí mẹ́rin ni èsì wọn báyìí. Bàbá ló ní méjìlá. Bọ́ọ̀sì mi ti fẹ́ dé, ẹ jẹ́ n lọ wọ aṣọ iṣẹ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé ọpọ́n náà sórí tábìlì yìí, màá sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ odù hàn yín. Ó dàbọ̀ o.